Ọ́fíìsì Ìjọba fún Àwọn Ẹgbẹ́ Aláàánú: Olùrànlọ́wọ́ La Fẹ́, A Ò Fẹ́ Ọ̀gá

 

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ní tiwa, òwe yìí kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí ọmọ Yorùbá mẹ́ta bá pàdé ní ibi tí wọn kò ti mọ ẹnikẹ́ni, kí oṣù tó parí, wọn yóò ti yan alága, wọn yóò ti yan akọ̀wé, wọn yóò sì ti yan ẹni tí yóò máa tọ́jú owó. Ohun tó dáa ni. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ bíbí Ọ̀fà ló dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, òfin ló ń kọ́ lọ́hùn-ún. Ní 1982, Olóyè Bísí Ògúnléye kó àwọn obìnrin ìgbèríko jọ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó sínú ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí COWAN, kí wọ́n lè máa dá owó jọ, kí wọ́n sì máa yá ara wọn. Ní 1989, wọ́n dá ẹgbẹ́ ARFH sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti máa rí sí ìlera abiyamọ àti ọ̀rọ̀ ìfètò sọ́mọ bíbí.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí tó jẹ́ ti ìjọba, kò sì sí èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ẹnìkan lè pín èrè. Àwọn ènìyàn ló rí ìṣòro, tí wọ́n káwọ́ ẹ̀wù sókè, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìbéèrè tí a fẹ́ kí gbogbo wa jùmọ̀ ronú lé lórí lónìí ni èyí: ta ni ìjọba ìpínlẹ̀ yàn pé kó máa ran irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Ẹni tó ń gba owó orí wà. Ẹni tó ń lẹ ìwé mọ́ ara ògiri tí wọ́n kọ́ láìgbàṣẹ wà. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ kan bá ń tọ́jú arúgbó, tàbí tó ń kọ́ ọmọ aláìní níṣẹ́ ọwọ́, ilẹ̀kùn wo ni kí wọ́n kàn ní sẹkitéríàtì?

Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ wa dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju kó máa ṣèrànwọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní NGO, àti àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. A sì ní kí òfin tó bá dá a sílẹ̀ kọ ọ́ gbangba pé olùrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ìyá mẹ́wàá ní ìlú kékeré kan kó ara wọn jọ láti máa tọ́jú opó àti ọmọ òrukàn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ wọn dúró lábẹ́ òfin, àjọ CAC ti ìjọba àpapọ̀ ni wọn yóò lọ bá. Wọn yóò yan àwọn alábòójútó, wọn yóò kọ òfin ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọn yóò polongo orúkọ wọn nínú ìwé ìròyìn méjì, wọn yóò sì dúró fún ọjọ́ 28 bóyá a rí ẹni tí yóò takò ó. Lẹ́yìn náà, lọ́dọọdún, láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù kejìlá, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé ìròyìn ọdún ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí àjọ náà. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ẹni tó ń gba owó àánú lọ́wọ́ aráyé, ó yẹ kí aráyé mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ àwọn ìyá wa wọ̀nyí bí a ṣe ń ṣe é? Nítorí pé kò sí ẹni tí wọ́n lè bi, wọn yóò lọ gba ẹnìkan tí yóò bá wọn sáré rẹ̀, ẹni náà yóò sì bu iye tó bá wù ú lé wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ opó, wọ́n ní kí wọ́n lọ sí ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin. Bí ó bá kan owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni. Bí ó bá kan oògùn, ilé iṣẹ́ ìlera ni. Bí ó bá kan ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́lé sí, kí wọ́n lọ sí kánsù. Wọn yóò máa ti ilẹ̀kùn kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Nígbà tó bá ṣe, wọn yóò ní kí kálukú máa ṣe tirẹ̀ nílé. Báyìí ni iṣẹ́ rere ṣe ń kú kí ó tó dàgbà.

A kò sọ pé àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kò ṣe nǹkan kan rí. Ní Èkó, ní 2019, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú yan olùdámọ̀ràn pàtàkì lórí àjọṣe láàárín ìjọba àti ará ìlú. Láti 2009, pẹ̀lú owó tí Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kópa nínú ètò CSDP, níbi tí ará ìlú fúnra wọn ti ń yan ohun tí wọ́n fẹ́, ì báà jẹ́ kànga, ilé ìwòsàn tàbí afárá, tí àwọn náà sì ń dá ìdá kan nínú mẹ́wàá owó rẹ̀. Ètò yẹn kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan: bí ìjọba bá bá ará ìlú ṣe bí ẹlẹgbẹ́, iṣẹ́ á ṣeé ṣe. Àmọ́ ètò tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ìparí. Ọ́fíìsì tí òfin dá sílẹ̀ ní tirẹ̀ yóò wà níbẹ̀ lọ́la.

Àwọn kan lè bi wá pé, èé ṣe tó fi jẹ́ ìpínlẹ̀? Ṣé Àbújá kò tó ni? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fúnra rẹ̀. Nínú àkójọ iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, nọ́ńbà 32, òfin náà sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ láti forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, láti darí wọn, àti láti tú wọn ká. Ó yọ àwọn díẹ̀ sílẹ̀, lára wọn ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ wá wò ó dáadáa. Iṣẹ́ ọlọ́pàá lórí àwọn ẹgbẹ́ ti ní ẹni tó ń ṣe é. Ohun tó kù fún ìpínlẹ̀ láti ṣe ni iṣẹ́ ìrànwọ́, iṣẹ́ yẹn gan-an ni kò sì sí ẹni tó ń ṣe é. Ìpínlẹ̀ ló súnmọ́ àwọn ènìyàn jù. Òun ló ni ilé ìwé, òun ló ni ilé ìwòsàn, òun ló mọ ìlú tí kò ní omi.

Bí ẹnìkan bá sọ pé àṣà tuntun ni a fẹ́ dá sílẹ̀, kí ó lọ bi bàbá tàbí ìyá rẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Láti 1935 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin lórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa ń para pọ̀ láti ta kòkó wọn. Ní 1943, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún un ní Ìbàdàn. Títí di òní, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti forúkọ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, láti yẹ ìwé owó wọn wò, láti kọ́ akọ̀wé àti akápò níṣẹ́, àti láti bá wọn parí ìjà. Kí ló wá dé tí ẹgbẹ́ tó ń wá ire fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ní olùrànlọ́wọ́ láti nǹkan bí 90 ọdún sẹ́yìn, tí ẹgbẹ́ tó ń wá ire fún ẹlòmíràn kò ní? Ọ̀nà ti là sílẹ̀ tipẹ́, ká tọ̀ ọ́ ló kù.

Iṣẹ́ wo ni ọ́fíìsì yìí yóò máa ṣe? Èkíní, yóò máa la ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ yé àwọn ènìyàn ní èdè tí wọ́n gbọ́, láìgba kọ́bọ̀, yóò sì máa rán wọn létí nígbà tí ìwé ìròyìn ọdún bá ku díẹ̀ kó pé. Èkejì, yóò máa kọ́ akọ̀wé àti akápò bí a ṣe ń kọ ìwé owó tí ẹnikẹ́ni kò ní rí àbùkù rẹ̀. Ẹ̀kẹta, yóò ṣe ìwé àkójọ kan, níbi tí orúkọ ẹgbẹ́, ìlú rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe yóò wà, kí ọlọ́rẹ tó fẹ́ ran afọ́jú lọ́wọ́ lè mọ ẹni tó ń tọ́jú afọ́jú, kí ẹgbẹ́ márùn-ún má sì ṣe gbẹ́ kànga sí àdúgbò kan nígbà tí ìlú kejì ń mu omi odò. Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba tó gbé ètò ìṣúná lọ síwájú àwọn aṣòfin, ọ́fíìsì yìí yóò pe àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ẹ̀karùn-ún, yóò máa kéde owó ìrànwọ́ tó bá wà, yálà ti ìjọba, ti báńkì tàbí ti òkè òkun, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè gbọ́ nígbà kan náà, kó má jẹ́ pé ẹni tó mọ ènìyàn nìkan ni yóò gbọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè dúró di ọ̀la wà níwájú wa. Ní 20 oṣù kìíní 2025, Ààrẹ Donald Trump pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà ń fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn dúró ná. Nígbà tó fi máa di 1 oṣù keje ọdún náà, USAID ti kógbá wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó Amẹ́ríkà ló ń gbé apá tó pọ̀ nínú ìtọ́jú àrùn éèdì ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló sì gbára lé e. Nígbà tí owó náà dúró lójijì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn padà sílé. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ẹlòmíràn jẹun, ọjọ́ tí ọlọ́wọ́ bá ká ọwọ́ kò ni yóò mọ̀ pé ebi ń pa òun. Bí ìpínlẹ̀ bá ti ní ọ́fíìsì tó mọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye ènìyàn tó ń tọ́jú, kì bá ti mọ ibi tí iná ti ń jó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí a kò bá mọ iye ẹni tó wà nínú ilé, báwo la ṣe fẹ́ mọ iye ẹni tí ebi ń pa?

Ẹ̀wẹ̀, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn alátakò, àtakò wọn kì í sì í ṣe tèké. Àwọn kan ní bí ẹ bá fún ìjọba ní ìka, ọwọ́ ni yóò gbà. Wọ́n rí ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2016, wọ́n gbé àbá òfin kan wá sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá tó fẹ́ dá àjọ kan sílẹ̀ tí gbogbo NGO gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn yóò sì máa tún àṣẹ náà gbà ní ọdún méjì méjì. Nígbà tí wọ́n pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn ní oṣù kejìlá 2017, àwọn ẹgbẹ́ tú yáyá tú yàyà jáde láti takò ó, àbá náà kò sì di òfin. Nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin CAMA tuntun ní oṣù kẹjọ 2020, abala 839 inú rẹ̀, tó jẹ́ kí CAC lè dá àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ dúró kó sì fi àwọn mìíràn rọ́pò wọn fúngbà díẹ̀, dá awuyewuye sílẹ̀, àwọn ìjọ Ọlọ́run náà kò sì dákẹ́.

Àwa náà kò fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí wọ́n ya ẹni tó ń ṣọ́nà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń ṣèrànwọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tó ń mójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ti wà láti 1853. Nígbà tí ìjọba Tony Blair fẹ́ ọ́fíìsì tí yóò máa bá àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ṣiṣẹ́ pọ̀ ní 2006, wọn kò rọ iṣẹ́ náà lé àjọ yẹn lọ́rùn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹni tó di kóńdó mọ́wọ́, tó tún ní òun fẹ́ bá ọmọ ṣeré, ọmọ náà kò ní gbàgbé kóńdó.

Àtakò kejì ni pé yóò di ohun ìṣeré ìyàwó gómìnà àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Èyí náà ní ẹ̀rí. Maryam Babangida dá ètò Better Life sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ìgbèríko ní 1987. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kúrò lórí àlééfà, tí Abacha dé, Family Support Programme ti Maryam Abacha ló gba ipò rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá so mọ́ orúkọ ẹnìkan, ọjọ́ tí ẹni náà bá lọ ni iṣẹ́ á lọ. Nítorí náà, kí ọ́fíìsì yìí má ṣe wá láti ẹnu gómìnà lásán. Òfin Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ ni kó dá a sílẹ̀. Kí òfin náà sọ pé kò pọn dandan fún ẹgbẹ́ kankan láti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, pé ọ́fíìsì náà kò lágbára láti ti ẹgbẹ́ kankan pa, pé àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn ni yóò yan èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀, àti pé bí ìjọba bá fún ẹgbẹ́ kan lówó, orúkọ ẹgbẹ́ náà àti iye owó náà gbọ́dọ̀ jáde síta lọ́dọọdún kí gbogbo ayé rí i. Kí aya gómìnà tàbí olóyè ẹgbẹ́ òṣèlú má sì ṣe jẹ́ alága rẹ̀.

Àtakò kẹta ni ti owó. Wọ́n ní ní 2015 ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò rí owó oṣù san, ibo ni owó ọ́fíìsì tuntun yóò ti wá? Ìdáhùn wa ni pé a kò bẹ̀bẹ̀ fún kọmíṣọ́nnà tuntun, a kò sì bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ̀ jíìpù. Òṣìṣẹ́ márùn-ún mẹ́fà tó mọṣẹ́, tí wọ́n mú láti inú àwọn ilé iṣẹ́ tó ti wà, pẹ̀lú yàrá kan ní olú-ìlú àti tábìlì kan ní ẹkùn ìdìbò sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn agùnbánirọ̀ wà nílẹ̀ pẹ̀lú, iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú sì jẹ́ ara ohun tí ètò NYSC là sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì lè yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ kan wò lọ́sẹ̀. Nígbà tí Gómìnà Jennifer Granholm dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà ní 2003 láti máa so ìjọba àti àwọn àjọ ọlọ́rẹ pọ̀, àwọn àjọ ọlọ́rẹ náà ló ń gbé ìnáwó rẹ̀. Tiwa kò ní láti rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kì í ṣe owó ló ń dènà, ìfẹ́ inú ni.

A gbọ́ ti àwọn tó ní ọ̀pọ̀ NGO jẹ́ ayédèrú, pé àpò ara wọn ni wọ́n ń kún. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ òkùnkùn ni ayédèrú fẹ́ràn. Ibi tí ìwé àkójọ bá wà, tí ìwé owó bá ṣeé yẹ̀ wò, tí ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa bá gbayì lójú ayé, olè yóò wá ibòmíràn lọ.

Kí ló wá kàn wá, àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a jìnnà sílé? Ó kàn wá gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹgbẹ́ ìlú ń fún ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò ṣiṣẹ́ ní NGO nígbà tí a bá jáde, nítorí iṣẹ́ ìjọba kò tó ó pín. Nígbà tí a bá lọ fún ìsinmi, ẹ jẹ́ kí á lọ bá ẹni tó ń ṣojú ìlú wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀, kí á bi í ní ìbéèrè kan péré: ta ni ìpínlẹ̀ yàn láti ran àwọn ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí á ní kó gbé àbá òfin wá. Àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí á gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa pẹ̀lú, nítorí ohùn àgbà ni olóṣèlú máa ń tètè gbọ́ nígbà ìbò.

Kí á tó lọ, ẹ jẹ́ kí á mú ilé tiwa mọ́. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè sọ bí owó oṣù tó kọjá ṣe lọ, báwo ni yóò ṣe ní kí ìjọba ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́? Ní gbogbo ẹgbẹ́ tí a bá wà nínú rẹ̀, kí akápò máa ka ìwé owó sétí ìgbọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí akọ̀wé máa tọ́jú ìwé ìpàdé, kí ẹni tó ń gbapò rí ohun tó gbà.

Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Àwọn baba wa dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́. Bí wọ́n bá rí ẹni tì wọ́n lẹ́yìn, ibo ni wọn ì bá dé? Ìbéèrè yẹn ni kí á gbé dé iwájú àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí, kí á má sì jẹ́ kí ó tutù. Oòduà á gbè wá o.